Tata Sakinatou Fi Irin Ẹ̀rọ Sábẹ́ Ìdí

Bí ènìyàn bá dé ìlú Alafiarou lónìí, tí ó bèèrè olóògbé Tata Sakinatou tó máa ń lọ àgbàdo, kò sí ẹni tí yóò kọ́kọ́ sọ fún un bóyá obìnrin náà pupa ni tàbí ó dú. Ọ̀rọ̀ irin ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ sọ.

Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣí ẹ̀rọ ìlọ̀ tuntun tí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin rà ni. Kò tíì pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn ìpàdé ńlá Kùtọnu, nígbà tí wọ́n ń pè ní Renouveau, ìyẹn ìsọdọ̀tun ìjọba, tí gbogbo ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ẹnu sọ̀rọ̀. Aṣojú ìjọba ti dé láti Tchaourou nínú agbádá funfun. Àwọn obìnrin ti to igbá àgbàdo láti ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀rọ dé ìdí igi máńgòrò. Bassirou mẹkáníìkì ti da òróró sínú ẹ̀rọ, ó ti da gáásóìlì, epo tí ẹ̀rọ ń jó, sí i, ó wá na ọwọ́ sí ibi tí ó gbé irin tí wọ́n fi ń yí ẹ̀rọ sí. Kò bá irin níbẹ̀ mọ́.

Tata Sakinatou ti mú un. Ó fi irin náà sábẹ́ ìdí, ó jókòó lé e, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú bí ẹni tó ń gba atẹ́gùn lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́.

Bassirou bẹ̀ ẹ́. Ó ní òróró kò wọ́n nínú ẹ̀rọ, òun fúnra òun ni òun dà á. Tata ní òun rí i nígbà tí ó ń dà á.

"Òróró wà níkùn," ó wí, "ṣùgbọ́n kò tíì dé oríkèé. Ẹ̀rọ yìí kò ní dún títí n ó fi fi ojú ara mi rí òróró lókè orí rẹ̀."

Baálẹ̀ náà bẹ̀ ẹ́, kò gbọ́. Ni wọ́n bá ránṣẹ́ sí Oumarou, ọkọ rẹ̀, pé kí ó wá fi àṣẹ ọkọ gbé ìyàwó rẹ̀ kúrò lórí irin. Jẹ́jẹ́ ni Oumarou, kì í fọhùn púpọ̀. Ó dé, ó wo ìyàwó rẹ̀, ó wo ogunlọ́gọ̀ èèyàn, ó yí padà lọ sílé. Ìgbà tí yóò fi padà dé, àpótí ló gbé lọ́wọ́. Ó gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó rẹ̀, ó sì jókòó tì í.

Bassirou rẹ́rìn-ín. Òun náà mọ̀ pé ohun tí obìnrin náà ń wí ni iṣẹ́, ariwo àwọn tó fẹ́ tètè lọ àgbàdo ni kò jẹ́ kí ó ráyè. Ó ṣí ìdérí orí ẹ̀rọ. Ó gbé irin kékeré kan sókè, èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ gbiná bí wọ́n bá ń yí i. Tata dìde, ó dá irin ńlá padà fún un, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ yí ẹ̀rọ náà lásán, kí òróró lè máa gùnkè. Nígbà tí ó rẹ Bassirou, Ganiou alápatà gbà á. Nígbà tí ó rẹ Ganiou, aṣojú ìjọba bọ́ agbádá, ó ní ìjọba tiwa-n-tiwa ni, kò yẹ kí wọ́n yọ òun sílẹ̀.

Tata Sakinatou tẹ ojú mọ́ orí ẹ̀rọ. Ó ń sọ pé kí wọ́n yí i sí i, kí wọ́n tún yí i. Lójijì òróró yọ, ó ta, ó sì bà á ní iwájú orí. Ó fi ìka nù ún, ó kọjú sí gbogbo ìlú, ó na ìka dúdú náà sókè bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìbò.

Wọ́n dé ìdérí, wọ́n ṣíná, ẹ̀rọ náà dún. Títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kò sí obìnrin tí kò funfun bí ẹfun ní Alafiarou.

Kì í ṣe àgídí lásán ni Tata fi jókòó lórí irin. Ẹ̀rọ kan ti kú mọ́ wọn lọ́wọ́ ṣáájú ìyẹn. Oko ẹ̀pà ni àwọn obìnrin ẹgbẹ́ pawọ́ pọ̀ dá kí wọ́n tó rí owó rà á. Bí ó ti dé ni wọ́n ti ṣíná sí i tìlù tìfọn. Orin tí wọ́n ń kọ kò tíì parí tí ẹ̀rọ fi han gooro bí ewúrẹ́ tí wọ́n fi okùn fà, tí ó sì gan. Ni àwọn obìnrin bá tún ń ru àgbàdo lọ sí Tchaourou nínú oòrùn, aboyún pẹ̀lú abiamọ.

Àwọn yòókù sunkún, wọ́n gbà fún Ọlọ́run. Tata Sakinatou ní òun náà gbà fún Ọlọ́run, ṣùgbọ́n òun fẹ́ mọ ohun tó pa á. Ó wọ ọkọ̀ lọ sí Parakou, ó jókòó síwájú bàbá àgbà kan tó ń tún ẹ̀rọ ṣe, Karimou ni orúkọ rẹ̀, ó ní òun kò lọ àfi bí òun bá gbọ́. Bàbá náà ń sọ èdè Baatonum, òun ń sọ Nàgó, wọ́n sì ń fi ọwọ́ ṣàlàyé èyí tó kù. Bàbá ní ẹ̀rọ tuntun, tàbí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú, tí wọ́n sì tún tò, gbígbẹ ni oríkèé rẹ̀. Bí ó bá sáré kí òróró tó gun ara rẹ̀ dé òkè, irin á máa jẹ irin.

Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá kí Tata pé ẹ kú àárọ̀, yóò gbọ́ nípa oríkèé. Wọ́n ní ọkùnrin kan wá tọrọ iná lọ́wọ́ rẹ̀, ìgbà tí ó fi délé, ìyàwó rẹ̀ ti jẹun ní ilé aládùúgbò.

Ìmọ̀ náà wá pọ̀ lápọ̀jù fún un. Ó ra rédíò kan lọ́wọ́ oníṣòwò tó gba ìlú Kika, lẹ́bàá ààlà, wọlé láti Nàìjíríà. Oníṣòwò ní tuntun ni, kò tíì sọ̀rọ̀ rí. Ọ̀rọ̀ yẹn ló pa rédíò. Tata gbé e délé, ó rọra kán òróró sí gbogbo ihò tí ohùn ń gbà jáde. Nígbà tí wọ́n ń ka èsì ìdìbò, rédíò gbogbo ilé ń pariwo, tirẹ̀ dákẹ́. Àwọn aládùúgbò bèèrè ohun tó ṣe é. Ó ní ọlọ́gbọ́n ni rédíò tòun, kì í sọ ohun tí kò bá dá a lójú.

Kì í gbà kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹ̀fun ibòmíràn wé ti Alafiarou. Obìnrin kan láti Tchaourou dán an wò lọ́jà, ó ní tiwọn kúná jù. Tata bu ẹ̀kúnwọ́ tirẹ̀, ó fẹ́ ẹ sínú atẹ́gùn, ó ní kí obìnrin náà fẹ́ tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbójú sókè, ó ń wo sánmà.

"Tìrẹ ti balẹ̀," ó wí. "Tèmi ṣì wà lókè, mo ń dúró dè é."

Ọdún tí àwọn obìnrin ìlú Sanson ra ẹ̀rọ tiwọn ni àìsàn dá a dùbúlẹ̀. Àyà ló ń dùn ún, ohùn rẹ̀ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán. Wọ́n rán Fatoumata, olórí ẹgbẹ́ wọn, pé kí ó wá bẹ̀ ẹ́ kí ó dúró tì wọ́n lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ yóò kọ́kọ́ dún. Mouniratou, ọmọ Tata, ní ìyá òun kò lè jáde. Ó ṣì ń ṣàlàyé lọ́wọ́ nígbà tí ìyá rẹ̀ ti wọ bàtà.

Orí ọ̀kadà ni wọ́n gbé e lọ, Mouniratou jókòó sẹ́yìn, ó dì í mú. Ní Sanson, wọ́n tẹ́ ẹní fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ilé ẹ̀rọ. Kò lè pariwo, ọwọ́ ló fi ń júwe: ẹ yí i, ẹ tún yí i. Nígbà tí òróró yọ lókè, ó mi orí pé ó tó, wọ́n sì ṣíná. Gbogbo ènìyàn ń jó. Fatoumata bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní kí wọ́n máa gbé e lọ sílé kí ó lọ sinmi. Tata gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri tó ń gbọ̀n.

"Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ọ díẹ̀ sí i," ó wí.

Òjò àkọ́rọ̀ kò bá a láyé. Ọjọ́ tó kú náà ni wọ́n sin ín, bí ẹ̀sìn ti wí. Kí oòrùn tó wọ̀, àwọn obìnrin Sanson dé, ìyẹ̀fun ni wọ́n rù wá. Wọ́n dá iná, wọ́n ro ọkà fún gbogbo ẹni tó wá kí ìdílé. Àwọn ènìyàn ń sọ̀rọ̀ rédíò, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń fi etí aṣọ nu ojú.

Wọ́n gbé ti Oumarou síwájú rẹ̀. Ó ṣẹ́ díẹ̀, ó fi ìka rún un, ó gbé e mì.

"Ó kúná," ó wí.

Ganiou alápatà ní bí Sakinatou bá wà níbí, yóò ní kò tó ti Alafiarou. Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Oumarou mi orí.

"Rárá o. Tirẹ̀ ni èyí náà."

Ó sún àwo náà sọ́dọ̀ Ganiou pé kí ó bá òun jẹ, ó sì tún ṣẹ́ òkèlè mìíràn.