Ojú Tí Ìyá Mi Fún Ẹ̀gbọ́n Mi

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kò mọ ata tó pọ́n yàtọ̀ sí èyí tí kò tíì pọ́n, àfi bó bá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò. Inú ọkọ̀ ojú omi àtijọ́ kan tí ìdí rẹ̀ ti jẹrà ni ìyá wa gbin ata sí lẹ́yìn ilé. Bàbá wa ló ru erùpẹ̀ kún un, nítorí pé lọ́dọ̀ wa, lágbègbè Ode Ugbo, omi ló pọ̀, ilẹ̀ ló wọ́n. Orí òpó ni ilé wa wà, orí pákó la sì ń gbà dé ilé aládùúgbò. Bí ìyá mi bá ní kí ẹ̀gbọ́n mi já ata wá, àdàlù ni yóò já bọ̀, pípọ́n díẹ̀, tútù púpọ̀.

"Ṣé ojú ò sí lágbárí ẹ ni?" ìyá mi á pariwo.

Ẹ̀gbọ́n mi á rẹ́rìn-ín, á padà síbi ọkọ̀ náà, á wá máa fọwọ́ tẹ ata lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹní ni ìyá mi ń hun tà. Ó máa ń pa koríko rẹ̀ láró kó tó hun ún, apá kan á pupa, apá kan á ní àwọ̀ ewé, a ó sì sá wọn sórí pákó kí wọ́n gbẹ. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi la máa ń dì wọ́n ní ìdì-ìdì. Ìdì tèmi máa ń mọ́ lójú. Nínú tirẹ̀, pupa àti àwọ̀ ewé á ti wọnú ara wọn, ìyá mi á sì tún jókòó tú gbogbo rẹ̀. Ó gbà pé ṣe ló ń mọ̀ọ́mọ̀ bà á jẹ́, kí wọ́n lè lé e lọ sódò lọ́dọ̀ bàbá wa.

Ẹ lè bi mí pé báwo ni odindi ilé ò ṣe mọ̀. Èdè wa gan-an ló bò ó mọ́lẹ̀. Nínú ilé wa, nǹkan lè dúdú, ó lè funfun, ó lè pupa. Epo pupa, ọsàn tó pọ́n pupa, obìnrin tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́ náà pupa. Ewé, ewé náà ni. Ta ló ń jókòó ti ọmọ láti bi í pé kí ni àwọ̀ ewé? Kò sẹ́ni tó bi í, òun náà kò sì mọ̀ pé ohun tí òun ń rí yàtọ̀ sí ohun tí àwa ń rí.

Lórí omi, ọ̀rọ̀ yí padà. Omi odò wa ṣókùnkùn bí àgbo, ẹlòmíràn lè wo inú rẹ̀ títí kó má rí ju òjìji ara rẹ̀ lọ. Ẹ̀gbọ́n mi á dúró níwájú ọkọ̀ bàbá wa, á na ọwọ́, á ní, "Ẹja wà níbẹ̀ yẹn." Bàbá wa á da àwọ̀n síbẹ̀, kì í sì sábà gbé e lófo. Akàn tó ti lẹ̀ mọ́ ẹrẹ̀ tí àwọ̀ rẹ̀ ti di ti ẹrẹ̀, á kàn bẹ̀rẹ̀ ni, á mú un. Àwọn apẹja mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í wá tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ bàbá wa pé kó bá àwọn wọkọ̀ lọ́la. Bàbá wa á wú bí ẹni tó joyè. Á sọ fún ìyá wa pé, "Ọmọ yìí, bàbá rẹ ló jọ."

Bàbá ìyá mi ti kú kí wọ́n tó gba ọmú lẹ́nu mi. Ìtàn rẹ̀ nìkan ni mo bá. Wọ́n ní láti Ode Ugbo dé Oríòkè-Ìwàmímọ́, kò sí apẹja tí ojú rẹ̀ mú tó tirẹ̀. Wọ́n tún ní ìyá àgbà rán an nígbà kan pé kó ra aṣọ tó dà bí ewé bọ̀ láti ọjà, ló bá ra aṣọ pupa fòò. Ìyá àgbà fi rẹ́rìn-ín títí, ó sì ró o lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ìtàn méjèèjì yìí la máa ń gbọ́, a ò so wọ́n pọ̀ rí.

Mo wà ní ìwé kẹrin ní ilé ẹ̀kọ́ girama nígbà tí kọ́ńpìnnì kan nínú àwọn tó ń wa epo nínú òkun kéde pé àwọn ń wá awakọ̀ ojú omi tí yóò máa gbé òṣìṣẹ́ lọ gbé e bọ̀. Ta ni ì bá tún yẹ ju ẹ̀gbọ́n mi lọ? Ó lúwẹ̀ẹ́ níwájú wọn. Wọ́n ní kó tú ẹ́ńjìnnì, ó tú u, ó tò ó padà, ó sì dáhùn. Ìyá mi ti ń sọ fáwọn tó ń ra ẹní pé ọmọ òun ti di òṣìṣẹ́ kọ́ńpìnnì. Ó wá ku dókítà nìkan, èmi ni mo sì tẹ̀ lé e lọ, kí n lè bá a ka ìwé tí wọ́n bá fún un.

Ará òkè, níbi tí ilẹ̀ ti gbẹ, ni dókítà náà, ọkùnrin pẹ̀lẹ́ kan tó wọ awò ojú. Ó wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó gbọ́ àyà rẹ̀, ó ń mi orí pé ara rẹ̀ le. Ló bá ṣí ìwé kan. Àwọn àmì roboto kéékèèké ló kún ojú ewé náà, bí ìgbà tí èèyàn da ẹ̀wà sílẹ̀.

"Nọ́ńbà wo lẹ rí níbí?" ni ó béèrè.

Ẹ̀gbọ́n mi wò ó. "Mi ò rí nọ́ńbà, sà. Àmì roboto ni mo rí."

Dókítà ṣí ojú ewé mìíràn. "Èyí ńkọ́?"

"Bákan náà ni, sà."

Ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n mi ni mo dúró sí, mo sì rí i kedere: nọ́ńbà ẹẹ́jọ ńlá kan, pupa láàárín àwọ̀ ewé. Dókítà yíjú síbi tábìlì láti kọ nǹkan, ni mo bá tẹ ìka mi mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n mi lẹ́ẹ̀mẹ́jọ. Ó yé e. Ó yí ojú padà sí mi, ó sì sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Má ṣe bẹ́ẹ̀. Bí mo bá purọ́ níbí, tí mo wá kó èèyàn sínú ọkọ̀ ńkọ́?"

Dókítà bẹ̀ ẹ́ kó tó sọ fún un pé kò ní ṣeé ṣe. Ó ṣàlàyé pé iná pupa ni ọkọ̀ ńlá máa ń tàn lápá òsì, iná àwọ̀ ewé lápá ọ̀tún, ẹni tí kò bá sì mọ̀ wọ́n yàtọ̀ lè forí sọ ọkọ̀ ẹlòmíràn. Ẹ̀gbọ́n mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú ọkọ̀ tí a wọ̀ bọ̀ wálé, ó yíjú sí mi. Ó bi mí pé: "Àbúrò, ṣé òótọ́ ni pé nọ́ńbà wà níbẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀, Ẹ̀gbọ́n."

Ó ní, "Ó dáa," ó sì kọjú sómi.

Ìtìjú wọ ilé wa. Àwọn kan ní ojú rẹ̀ ń fọ́ díẹ̀díẹ̀. Àwọn kan rántí pé ìyá mi rìn lọ́sàn-án gangan nígbà tó lóyún rẹ̀. Ìyá mi ń da ọ̀rọ̀ náà rò, mo mọ̀, nítorí ó ṣíwọ́ bíbá ẹ̀gbọ́n mi wí lórí ata. Òun fúnra rẹ̀ ló wá ń já a. Ìyẹn dùn mí ju ariwo lọ.

Lẹ́yìn tí mo jáde girama, mo lọ kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí ni mo sì yàn. Lọ́jọ́ kan, olùkọ́ wa ya àwòrán kan sójú pátákó láti fi hàn bí irú ojú tí kì í mọ pupa yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé ṣe ń gba inú ìdílé kọjá. Bàbá àgbà ní i, ọmọ rẹ̀ obìnrin gbé e láì hàn lára rẹ̀, ọmọkùnrin obìnrin náà sì tún ní i. Mo wo àwòrán yẹn, ìdílé mi ni mo ń wò.

Nígbà ìsinmi, mo bá ìyá mi nídìí ẹní. Mo mú koríko mẹ́rin, gígùn mẹ́ta, kúkúrú kan.

Mo ní, "Màmá, ẹ wò ó. Nínú ara wa, àwọn fọ́nrán kan wà tí ojú lásán kò lè rí. Orí wọn ni ètò bí a ó ṣe rí wà. Jíìnì ni wọ́n ń pe ètò náà nílé ìwé. Obìnrin ní fọ́nrán gígùn méjì, báyìí. Ọkùnrin ní gígùn kan àti kúkúrú kan. Orí gígùn yìí ni ètò tí ojú fi ń mọ pupa yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé wà. Bí ti ọ̀kan bá yàtọ̀ lára obìnrin, èkejì á gbè é."

Ìyá mi gba koríko náà lọ́wọ́ mi. "Bí ẹní ni nígbà náà. Bí ọ̀kan bá já, tí ìkejì rẹ̀ ṣì wà, kò ní tú."

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Ṣùgbọ́n ọkùnrin ò ní ìkejì."

Ó ní, "Ta ló wá fún un ní èyí tó yàtọ̀? Bàbá yín ni?"

Ẹ̀rù bà mí láti sọ ọ́. "Rárá, Màmá. Kúkúrú ni bàbá ń fún ọmọkùnrin. Ọ̀dọ̀ yín ni gígùn ti wá."

Ó gbé koríko náà sórí itan. Mo rò pé ẹkún ni yóò sun. Ó ní, "Èmi náà ńkọ́, níbo ni mo ti rí i?"

"Lọ́dọ̀ bàbá yín. Gígùn kan ṣoṣo ló ní, òun náà ló sì fún yín. Kò ní òmíràn."

Ìyá mi bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó dìde, ó jáde sórí pákó, ó ké sí ẹ̀gbọ́n mi níbi tó ti ń tún àwọ̀n ṣe: "Wá ńbí o! Kì í ṣe oòrùn, kì í ṣe èèwọ̀! Ojú bàbá mi ni, èmi ni mo gbé e fún ọ!" Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá sọ̀rọ̀ ojú ẹ̀gbọ́n mi níwájú rẹ̀, ìtàn apẹja àtijọ́ ni yóò gbọ́ kó tó kúrò níbẹ̀.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ewé kan tó ń léfòó wọ odò wa, ó sì tẹ́ bo ojú omi pátápátá. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìjì dojú ọkọ̀ kan dé. Àwọn yòókù lúwẹ̀ẹ́ jáde, ó ku nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí kan, ará òkè tí kò mọ omi, tó ń bọ̀ láti ibi tó ti lọ wo ìyá ọmọ tuntun. Gbogbo àdúgbò tú síta. Awakọ̀ kọ́ńpìnnì kan tó ń kọjá náà dúró láti bá wa wá a. Èmi, ẹ̀gbọ́n mi àti àwọn méjì mìíràn wà nínú ọkọ̀ rẹ̀, nítorí ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ lágbára.

Ó pẹ́ tí a ti ń lọ tí a ń bọ̀, ewé nìkan là ń rí. Lójijì, ẹ̀gbọ́n mi gbé ọwọ́ sókè.

"Pa ẹ́ńjìnnì. Èèyàn wà níbẹ̀ yẹn."

Gbogbo wa wò. Awakọ̀ ní, "Ewé ni o, ẹ̀gbọ́n. Kò sí nǹkan níbẹ̀."

"Èjìká èèyàn ni mò ń wò," ni ẹ̀gbọ́n mi wí, ó sì ti bẹ́ sómi kí a tó fèsì.

Òun ni lóòótọ́. Aṣọ àwọ̀ ewé ni nọ́ọ̀sì náà wọ̀, ó di igi kan mú, ewé sì ti yí i ká dé ọrùn. Àwa tí à ń fi àwọ̀ wá a, àwọ̀ ti fi í pa mọ́ fún wa. Ẹ̀gbọ́n mi kò wá àwọ̀ kankan, bí nǹkan ṣe rí ló ń wò. Mi ò sọ pé gbogbo ẹni tó ní irú ojú bẹ́ẹ̀ ló ń rí ju ẹlòmíràn lọ, nítorí mo ti gbọ́ tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń jiyàn lé e. Ohun tí ojú mi rí ni mò ń sọ. Nígbà tí a fà á wọlé, nọ́ọ̀sì náà ní òun ti ń gbọ́ ohùn wa tipẹ́, agbára láti pariwo ni kò sí.

Awakọ̀ náà bọ ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́ títí. Ó ní òun yóò bá àwọn ọ̀gá òun sọ̀rọ̀ kí wọ́n gbà á síṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín. "Ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni dókítà sọ. Mi ò mọ iná yín yàtọ̀." Mi ò rí ẹni tó yangàn tó ìyá mi lọ́sẹ̀ náà. Ó hun ẹní ńlá kan fún nọ́ọ̀sì, ó ní kó máa sùn lé e, kó máa rántí ojú tó rí i nínú ewé.

Èmi náà gbé ojú bàbá àgbà yẹn sára. Mi ò mọ̀, àfìgbà tí ọmọkùnrin mi ya igi àgbọn nílé ìwé, tó fi àwọ̀ igi kun imọ̀ rẹ̀. Ọkọ mi fẹ́ bínú. Mo ní, "Ẹ má bínú, bàbá wọn. Ìdílé mi ló wọlé dé." Ilé yíyà ni ọmọ náà ń ṣe jẹun báyìí, ní Àkúrẹ́. Pẹ́ńsù dúdú ló fi ń yà á.

Ní oṣù tó kọjá, ìyàwó rẹ̀ bí obìnrin. Ẹ̀gbọ́n mi gbéra láti Ode Ugbo, ó wọ ọkọ̀ omi, ó wọ mọ́tò, ó gbé ẹja gbígbẹ wá síbi ìkómọ. Wọ́n gbé ọmọ náà lé e lọ́wọ́. Ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó wá bi mí pé:

"Ṣé èyí náà gbà á?"

Mo ní, "Gígùn kan ṣoṣo ni bàbá rẹ̀ ní, òun ló sì fún un. Ó gbà á dájúdájú. Kò kàn ní hàn lára rẹ̀ ni."

Ẹ̀gbọ́n mi gbé ọmọ náà sókè kí gbogbo ilé lè rí i. "Ẹ kú ewu ọmọ o," ni ó wí. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n tètè kọ́ ọ ní odò wíwẹ̀."