Àbàtà Tó Wà Lábẹ́ Ewé

Ìgbà tí ìyá mi ò bi mí mọ́ pé ìgbà wo ni mo máa lọ́kọ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí i. Ẹ má rò pé àwàdà ni mò ń ṣe. Láti ìgbà tí mo ti di olùkọ́ ló ti ń bi mí: tó bá ń bó obì, tó bá ń ro ọbẹ̀, tí mo bá ń wọ bàtà láti lọ síbi iṣẹ́ ní Ìperu. Ìbéèrè náà ti mọ́ mi lára bí ariwo ọ̀kadà ìta. Lẹ́yìn ìkórè obì tó kọjá ló ṣàdédé dákẹ́.

Mo ti lé ní ogójì ọdún. Èmi fúnra mi ti jáwọ́ nínú ká máa ka ọjọ́ orí bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ fi sílẹ̀ ní gáréèjì. Àwọn tí a jọ jáde ìwé ti ń fọmọ fọ́kọ; mo bá wọn yọ̀, mo jẹ ìrẹsì wọn, mo padà sílé, oorun mi ò yàtọ̀. Àwa méjì péré la ń gbé ilé bàbá mi ní Ibido, ní Ṣàgámù. Bàbá mi ti kú láti ìgbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdírì. Gbánja ni ìyá mi ń tà fún àwọn Hausa tó ń kó o lọ sí Òkè Ọya.

Àgbàlagbà kì í déédé sáré nínú ẹ̀gún. Bí kò bá lé ejò, ejò ń lé e. Fóònù á dún, ìyá mi á gbé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé, á máa rọra sọ̀rọ̀. Ó ní kí wọ́n kun pálọ̀ tí a ò kùn látìgbà ìsìnkú bàbá mi. Ó bi mí bóyá màá wà nílé ní Sátidé, ó sì ń wo ibòmíì nígbà tí mò ń dáhùn. Mo mọ irú ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ti mú ọkùnrin kan wá sílé wa rí, ó ní ó fẹ́ bá wa tún iná ṣe. Ọkùnrin náà ò fọwọ́ kan wáyà kankan. Ìbàdí mi ló ń wò.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ìyá mi. Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ tó lọ sí Sábó, mo wọ yàrá tó ń kó obì sí. Lẹ́yìn àwọn agbọ̀n ńlá ni mo ti rí agbọ̀n kékeré kan tí wọ́n fi ewé bò. Mo ṣí ewé. Àbàtà ló wà níbẹ̀.

Ẹni tí kò bá mọ ọ̀rọ̀ obì lè ní kí ló burú níbẹ̀. Gbánja tó ń là sí méjì lọjà wa; ìyá mi kì í ta àbàtà. Àbàtà aláwẹ́ mẹ́rin ni wọ́n ń gbé wá tọrọ ìyàwó. Inú bí mi gidigidi. Wọ́n ti gba obì lórí mi láìsọ fún mi.

Nígbà tí ìyá mi dé, kò tíì sọ ẹrù kalẹ̀ tán tí mo fi gbé agbọ̀n náà síwájú rẹ̀. Mo ní n ò ní jókòó sí pálọ̀ ní Sátidé kí ẹnikẹ́ni máa yẹ̀ mí wò bí iṣu ọjà. Mo ní kò síbi tí mò ń lọ tí mo ti pẹ́. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó jókòó sórí àpótí, ó tú gèlè.

"Ta ló sọ fún ọ pé ìwọ ni wọ́n ń bọ̀ wá wò?"

Àgbẹ̀ kan ní Òde Rẹ́mọ, tí ìyá mi ti ń ra obì lọ́wọ́ rẹ̀ tipẹ́, tí ìyàwó rẹ̀ sì ti ṣaláìsí, ló gbé àbàtà náà wá láti oko ara rẹ̀ nígbà ìkórè. Ó ti fẹnu bẹ ìyá mi fún ọdún mélòó kan kó tó wá gbé obì wá. Tí ìyá mi bá pa á jẹ, ó ti gbà láti fẹ́ ẹ nìyẹn. Kò tíì pa á. Ọkùnrin náà ń bọ̀ ní Sátidé láti gbọ́ ìdáhùn.

Mo bi í pé kí ló wá ń dúró dè.

"Ìwọ ni," ó ní. "Ṣé ìyá á jáde lọ sílé ọkọ kí ọmọ rẹ̀ tó lọ ni? Kí layé á wí? Mo ní kí o kọ́kọ́ lọ. Nígbà tí mo rí i pé o ò lọ, mo dákẹ́."

Ìbínú ló kọ́kọ́ gbà mí. Gbogbo ìgbà wo, ìgbà wo tó ń kó sí mi létí, tirẹ̀ náà wà nínú ẹ̀, kò sì sọ. Ó fi mí ṣe ilẹ̀kùn tó tì mọ́ ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo tún wo agbọ̀n náà. Òjò ọdún tuntun ti bẹ̀rẹ̀. Obì ìkórè tí èèyàn ò bá tọ́jú, kòkòrò á ti jẹ ẹ́, tàbí kó ti gbẹ. Ṣùgbọ́n èyí ṣì tutù, ewé orí rẹ̀ kò tíì rọ. Kò sọ bẹ́ẹ̀ ni fún ọkùnrin náà, kò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Ewé ló ṣáà ń pààrọ̀. Àánú rẹ̀ wá ṣe mí.

Mo mú ọ̀kan, mo pa á, mo na awẹ́ kan sí i.

"Ẹ má dúró dè mí mọ́, Màámi."

Ó bi mí bóyá inú ṣì ń bí mi. Mo ní ó ń bí mi. Ó gba obì náà lọ́wọ́ mi. Ó kọ́kọ́ wo ẹnu ọ̀nà, bóyá aládùúgbò kan ń wò wá, kó tó fi í sẹ́nu.