Fóònù Tó Ń Pe Ìkúnlẹ̀ ní Ìṣubú

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ bá mi gbọ́ ohun tí fóònù kan fi ojú mi rí ní Ìlọrin níbí. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí!

Tóyìn, ọmọbìnrin mi, ń múra àtiwọ iṣẹ́ ológun. Wọ́n máa ń ní kí wọ́n sáré níbi ìdánwò náà, ìdí nìyẹn tó fi ń jáde láràárọ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, láti sáré ládùúgbò wa ní Basin. Ìyá rẹ̀ ní kí n fi ọmọ lọ́rùn sílẹ̀. Báwo ni mo ṣe fẹ́ fi í sílẹ̀? Ọ̀nà máa ń dá, ọ̀kadà ń sá eré àsápajúdé, gọ́tà tí kò ní ìdérí sì wà níbi gbogbo!

Ni mo bá lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí Ọ̀fà Garage, mo ra fóònù tí wọ́n ṣe fún àwọn tó ń sáré. Fóònù kékeré ni, apá ni wọ́n ń dè é mọ́. Ó ń ka ìṣísẹ̀, ó ń ka bí ọkàn ṣe ń lù, ó sì ń fi ibi tí ọmọ wà hàn mí lórí fóònù tèmi. Èyí tó wù mí jù ni pé bí ẹni tó dè é bá ṣubú, fóònù tèmi á han bíi síréènì. Ọmọkùnrin tó tà á fún mi ní kí n lọ fọkàn balẹ̀.

Ọkàn wo? Àárọ̀ àkọ́kọ́ gan-an ló han! Ó kọ ọ́ síbẹ̀ gbàgàdà pé Tóyìn ti ṣubú. Mi ò rántí wọ bàtà. Síńgílẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò péńpé ni mo fi sáré jáde. Mo bá ọmọ mi lórí ìkúnlẹ̀ níwájú ilé Alhaja, ìyá àgbà tó máa ń jókòó síta pẹ̀lú tẹ̀sùbáà wọn lẹ́yìn ìrun àsùbáà. Ó ń kí wọn ni!

"Bàbá Tóyìn, ṣé kò sí?" ni Alhaja bi mí. "Aṣọ yín dà?"

Mo ní kò sí nǹkan kan.

Mo kọ́kọ́ rò pé èèṣì ni. Rárá o! Gbogbo àgbà tó bá kúnlẹ̀ kí ló ń di ariwo. Ẹni tó ń sáré bọ̀, tó wá lọ sílẹ̀ lójijì: lójú fóònù, ó ti ṣubú nìyẹn. Ṣé àwọn tó ṣe é kò mọ̀ pé ọmọ máa ń kúnlẹ̀ kí àgbà ni?

Mo gbé e padà lọ bá ọmọkùnrin náà. Ẹ̀rín ló fi mí rín. Ó ní òun lè pa ìró náà, ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ṣubú lóòótọ́, mi ò ní gbọ́. Mo ní torí ìró yẹn gan-an ni mo ṣe rà á!

"Ó dáa, Dádì, ẹ ní kó máa juwọ́ sí àwọn àgbà dípò ìkúnlẹ̀," ni ọmọkùnrin náà dá mi lóhùn.

Tóyìn juwọ́. Kò pẹ́ tí Alhaja fi ránṣẹ́ pè mí. "Bàbá Tóyìn, kí ni mo fi ṣẹ ọmọ yín? Ó ń sáré kọjá, ó ń juwọ́ sí mi bí ẹni ń lé adìẹ!"

Ojú tì mí. Mo bẹ̀ wọ́n. Tóyìn padà sídìí ìkúnlẹ̀, fóònù náà padà sídìí ariwo.

Bó ṣe di pé ariwo náà kò já mi láyà mọ́ nìyẹn. Bó bá ti han, màá wo máàpù. Bí àmì pupa bá ti wà nílé Alhaja, màá sọ fún ìyá rẹ̀ pé wọ́n ti ń kí ara wọn, màá sì padà sídìí tíì mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ti rọ̀ mọ́jú, ó han. Mo wo máàpù: ilé Alhaja. Mo pa á, mo bu ṣúgà sí tíì. Ó tún han. Mo ní àbí Alhaja ń ṣàdúà fún un ni. Nígbà tó yá, Alhaja fúnra wọn pè mí.

"Bàbá Tóyìn, ibo lẹ wà?"

"Ilé ni, Alhaja. Mo ti rí i pé Tóyìn wà lọ́dọ̀ yín."

"Lọ́dọ̀ mi kẹ̀? Inú gọ́tà ẹ̀gbẹ́ ilé mi ni mo ti bá a! Ẹ máa bọ̀ kíá!"

Ẹ̀yin èèyàn mi! Ọmọ mi ti yọ̀ ṣubú sí gọ́tà, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú. Ó ń ké pè mí, èmi ń mu tíì! Alhaja ní nígbà tí àwọn kò rí i kó wá kúnlẹ̀, ara àwọn kò lélẹ̀, ni àwọn bá dìde tàwọn ti tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, àwọn wá a lọ.

Dókítà ní egungun kò ṣẹ́, ẹsẹ̀ kàn rọ́ ni. A délé, mo tú fóònù náà lápá rẹ̀. Ṣé ẹ mọ ohun tó kọ síbẹ̀? Pé Tóyìn kò tíì sáré tó fún ọjọ́ náà! Díẹ̀ ló kù kí n là á mọ́lẹ̀.

Ẹsẹ̀ ti san, Tóyìn ti tún ń sáré. Mo ti ní kí wọ́n pa síréènì yẹn. Mo wá lọ bá Alhaja, mo bẹ̀ wọ́n pé bí wọn kò bá rí ọmọ mi kó kọjá, kí wọ́n jọ̀ọ́ pè mí.

Wọ́n gbé tẹ̀sùbáà wọn sílẹ̀. "Bàbá Tóyìn, kí lẹ rò pé mo ń jókòó síta ṣe látọjọ́ yìí?"

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé kí n tó ra ohun tí yóò máa ṣọ́ ọmọ mi, ó yẹ kí n ti mọ ẹni tó ń ṣọ́ ọ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin náà ńkọ́? Bí ọmọ yín kò bá kọjá láàárọ̀ ọ̀la, ta ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ ládùúgbò yín? Ẹ kọ ọ́ fún mi nísàlẹ̀ níbí. Bí ẹ kò bá sì mọ ẹni náà, ẹ lọ kí àwọn aládùúgbò yín lónìí.