Ọ̀gá Fọ́máàtì àti Kọ̀ǹpútà Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀

Ó ti di ọdún mẹ́sàn-án tí èmi àti Ọ̀gá Fọ́máàtì ti jọ ń lo ṣọ́ọ̀bù kan. Èmi ń tún aago ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, òun ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nídìí ògiri, bí a bá lè pe ohun tó ń ṣe ní àtúnṣe. Àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ, ṣùgbọ́n ta ló ń pe ìyẹn? Gbé kọ̀ǹpútà tó ń fà lọ bá a, yóò ní òun máa fọ́máàtì rẹ̀. Gbé èyí tí kò dún lọ, fọ́máàtì. Obìnrin kan wọlé lọ́jọ́ kan láti béèrè ọ̀nà ilé ìfìwéránṣẹ́, ọ̀gá mi sì ti na ọwọ́ sí báàgì rẹ̀ kó tó parí ọ̀rọ̀.

Fọ́máàtì, fún ẹni tí Ọlọ́run ti yọ, ni pé kí wọ́n nu gbogbo ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà, kí wọ́n sì tún ètò tó ń darí rẹ̀ fi sí i láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó máa ń yá, kò sì gba ìrònú, ìdí nìyẹn tó fi bá ọ̀gá mi lára mu. Ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, ó pààrọ̀ mọ́dábọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà tèmi náà, ìyẹn pátákó inú tí gbogbo ẹ̀yà yòókù so mọ́, ó sì nù ún mọ́ tónítóní. Kò bi mí ní ohun tó wà nínú rẹ̀. Nígbà tí mo bínú, ó ní kò sí ọ̀nà mìíràn, ó ní kí n wo bó ṣe ń sáré báyìí. Ó ń sáré lóòótọ́. Kò ru ẹrù kankan mọ́.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wọlé, tó gbé kọ̀ǹpútà mọ́ àyà. Ó máa ń fi ẹ̀rọ ńlá kan rán àmì ilé ìwé sára aṣọ àwọn ọmọ, kọ̀ǹpútà yẹn ló sì ń pàṣẹ fún ẹ̀rọ náà. Èéfín ti yọ nínú rẹ̀ láàárọ̀. Ọ̀gá tú u, ó ní mọ́dábọ́ọ̀dù ló jóná.

"Àǹtí, ẹ fọkàn balẹ̀. Màá fi òmíràn sí i, màá wá fọ́máàtì ẹ̀."

"O ò ní ṣe bẹ́ẹ̀." Ó jókòó sórí àga àwọn oníbàárà mi. "Ètò tó ń bá ẹ̀rọ mi sọ̀rọ̀ wà nínú ẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó tà á ti kógbá sílé. Tó o bá nù ún, ó máa béèrè kóòdù tí wọ́n fi ń ṣí i lọ́wọ́ mi, kò sì sẹ́ni tó máa fún mi. Iṣẹ́ mi parí nìyẹn."

"Ṣé ẹ rí i, tí mọ́dábọ́ọ̀dù bá ti yàtọ̀, ètò inú ẹ̀ ò ní dá a mọ̀. Kò sí ọ̀nà mìíràn."

"Wá a."

Mo rẹ́rìn-ín sínú. Ó pẹ́ tí mo ti ń retí ẹni tó máa sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá na ọwọ́, ó gba fíláàṣì lọ́rùn rẹ̀, ohun kékeré tí Ọ̀gá fi ń ṣe fọ́máàtì, tó máa ń gbé kọ́rùn bí oyè, ó jù ú sínú báàgì, ó fa síìpù.

Ọ̀gá mú mọ́dábọ́ọ̀dù kan láàárín àwọn àlòkù rẹ̀, ó dè é mọ́ ibẹ̀, ó tẹ bọ́tìnì. Lẹ́tà funfun jáde, ojú kọ̀ǹpútà di búlúù, ó kú, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni ọwọ́ ọ̀gá lọ sí ọrùn, tí kò bá nǹkan kan níbẹ̀.

"Ìwé ẹ̀ ńkọ́?" ẹ̀gbọ́n rẹ̀ béèrè.

Ìwé ìlò mọ́dábọ́ọ̀dù náà wà. Abẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì mi ló wà láti ọjọ́ tí mọ́dábọ́ọ̀dù yẹn ti wọ ṣọ́ọ̀bù, kí tábìlì má baà mì. Ọ̀gá kúnlẹ̀, ó yọ ọ́, ó jókòó kà á, ètè rẹ̀ ń mì bíi ti ọmọ tó ń kọ́ ìwé kíkà. Nígbà tó yá, ó fi ìka lé ìlà kan.

Ọ̀nà méjì ni mọ́dábọ́ọ̀dù yẹn lè gbà ka ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà, ti àtijọ́ àti tuntun. Ọ̀gá mi máa ń yí gbogbo èyí tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù sí tuntun lọ́jọ́ tó bá dé, torí pé fọ́máàtì máa ń tètè parí bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló yí èyí náà. Ti àtijọ́ sì ni kọ̀ǹpútà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á. Ó yí ìlà kan padà nínú ètò mọ́dábọ́ọ̀dù náà, bí ìwé ṣe wí.

Kọ̀ǹpútà ṣí. Ó ń dá àwọn ẹ̀yà tuntun mọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kú, ó tún ṣí fúnra rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣí ètò rẹ̀, àwọn àmì ilé ìwé sì tò sójú rẹ̀. Kò béèrè kóòdù kankan. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó dá fíláàṣì padà fún un, ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó lọ.

Ọ̀gá kò gbé fíláàṣì náà kọ́rùn. Ó mú ìwé yẹn dání, ó ń wo ìlà kan ṣoṣo yẹn.

"Oní-aago," ó ní, kò gbójú sókè. "Kí ló wà nínú kọ̀ǹpútà tìẹ nígbà yẹn?"

Mo ti to èébú jọ dè é láti ọdún mẹ́fà, ṣùgbọ́n mi ò rí ọ̀kankan lò.

"Àwòrán ìyá mi," mo ní. "Mi ò ní òmíràn."