Ibi Tí Bàbá Mi Ń Tẹ́ Ẹní Sí

Òórùn koríko jíjó ló máa ń kọ́kọ́ padà sí mi lọ́kàn bí mo bá rántí oko wa lẹ́yìn Kíṣí. Ọyẹ́ ti mú ilẹ̀ le bí àpáàdì, ohun tí èmi àti ọ̀rẹ́ mi sì ń wá gan-an nìyẹn. À ń ṣe ọ̀kọ̀ kékeré kan, irin ṣóńṣó tí a fẹ́ kí wọ́n jù láti òkè sórí ilẹ̀ Máàsì, ayé pupa tó ń bá tiwa yí oòrùn ká. Bó bá ti gúnlẹ̀, ẹ̀rọ inú rẹ̀ á sọ bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe le tó. Èmi ni mo ní ká wá dán an wò nílé, mò ń fi ilẹ̀ wa yangàn.

Bàbá mi ò rí ọgbọ́n kankan nínú rẹ̀. "Ilẹ̀ tí ẹ ò ní kọ ebè sí, kí lẹ fẹ́ mọ̀ nípa ẹ̀?" Ẹ̀gbẹ́ igi dóńgóyárò tí wọ́n ti ń kírun láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni wọ́n jókòó sí. Ibẹ̀ ló tẹ́jú jù, ni mo bá bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sún fún wa. Wọ́n ká ẹní wọn, wọ́n ń kùn.

Ọ̀rẹ́ mi fi dúróònù, ẹ̀rọ kékeré tó ń fò, gbé ọ̀kọ̀ náà lọ sókè, ó sì já a sílẹ̀. Ìrù rẹ̀ ló yẹ kó yọ síta, àmọ́ gbogbo rẹ̀ ló wọlẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi wo kọ̀ǹpútà, ó ní, "Ẹ̀rọ yìí ti bàjẹ́. Ó ní kò sí ilẹ̀ níbẹ̀." Kò tíì pa ẹnu dé tí ilẹ̀ fi jìn lójú wa. Igi abẹ́ ilẹ̀ tí ikán ti jẹ ṣẹ́, iyẹ̀pẹ̀ ya wọ inú ihò dúdú, ó sì pẹ́ ká tó gbọ́ ìró omi nísàlẹ̀. Kànga àtijọ́ ni. Wọ́n ti fi igi dí i lẹ́nu, wọ́n kó erùpẹ̀ bò ó, àwọn tó mọ̀ ọ́n ti kú tán.

Mi ò lè wo ojú bàbá mi. Gbogbo ìgbà tí wọ́n ti forí kanlẹ̀ níbẹ̀ ń kọjá lójú mi.

Wọ́n fún ẹní mọ́ àyà. Wọ́n na ọwọ́ sí ọ̀nà ilé ìdáná. "Ẹ tún jù ú síbẹ̀ yẹn wò. Ibẹ̀ ni ìyá ẹ ń gbà."

Ọ̀kọ̀ wa ò tíì dé Máàsì, ó sì lè má débẹ̀ láéláé. Àwọn èèyàn a máa bi mí pé kí ló tiẹ̀ ti rí nínú ilẹ̀. Èsì kan ṣoṣo ló ń wá sí mi lẹ́nu: bàbá mi ṣì ń kírun.