Ìgò Ọtí Tí Wọ́n Gbé Wá Láti Kùmásì

Ìyá mi ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi, nínú ilé ìdáná wa ní Iléṣà, pé ní ìlú òun, n kì í ṣe ọmọ bàbá mi.

Ẹ má ṣì í gbọ́ o. Obìnrin náà kò mọ ọkùnrin mìíràn rí. Ará Kùmásì ni, ní ilẹ̀ Gánà. Ibẹ̀ ni bàbá mi ti ń ta aṣọ nígbà tó fẹ́ ẹ. Ó ní lọ́dọ̀ tiwọn, ìyá ló ni ọmọ. Arákùnrin ìyá ni ọmọ ń jogún, kì í ṣe bàbá. Lọ́dọ̀ tiwa ńkọ́? Bàbá ló ni ọmọ, kò sí àríyànjiyàn. Ká ní ìyá mi ni Ìjẹ̀ṣà, tí bàbá mi sì jẹ́ ará Kùmásì, ìdílé méjèèjì ì bá lè ní àwọn kọ́ ló ni mí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe bí mi yìí, àwọn méjèèjì ló ni mí pátápátá. Nígbà náà, mo rò pé ọlà ni.

Páásípọ́ọ̀tù méjì wà nínú àpótí mi. Mo máa ń fi ti Nàìjíríà jáde, kí n fi ti Gánà wọlé. Ọmọdé ni mí nígbà tí ìjọba Gánà ní kí àjèjì kó ẹrù wọn, tí bàbá mi kó wa wá sílé. Lẹ́yìn náà, Nàìjíríà náà lé àwọn ará Gánà. Ní Òṣogbo, níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba, bí mo bá gbé báàgì dání lásán, ẹnìkan á pariwo pé, "Gánà-mọ́sì-gò! Ọ̀gá, ṣé wọ́n tún ti lé yín ni?" Èmi náà á rẹ́rìn-ín.

Ọdún mélòó kan lẹ́yìn tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀, arákùnrin ìyá mi kú ní Kùmásì. Kò pẹ́, bàbá mi ránṣẹ́ sí mi pé àlejò wà nílé. Mo wọ mọ́tò lọ sí Iléṣà.

Ọkùnrin méjì ni mo bá ní pálọ̀ nínú aṣọ ọ̀fọ̀, àgbà ìdílé ìyá mi. Ìyá mi jókòó sórí àpótí láàárín wọn àti bàbá mi. Alàgbà ni bàbá mi nínú ìjọ wa, ìjọ tí kì í jẹ́ kí ọtí kan ẹnu. Ọtí kì í wọ ilé rẹ̀, àní èyí tí wọ́n fi ń fọ egbò.

Èyí tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n nínú àwọn àlejò gbé ìgò ọtí kan sórí tábìlì.

"Àna wa," ó fi Yorùbá tó kọ́ lọ́jà Kùmásì sọ ọ́, "ọ̀rọ̀ yìí kò ṣe é sọ lẹ́nu gbígbẹ. Ọmọ yín ni a yàn láti jókòó sí ipò olóògbé. Yóò máa gbé ilé rẹ̀, yóò máa tọ́jú àwọn ọmọ rẹ̀. Tí ẹ bá gba ọtí yìí, ẹ ti gba ọ̀rọ̀ wa nìyẹn."

"Ọtí? Nínú ulé mi?" Bí inú bá bí bàbá mi, ohùn Ìjẹ̀ṣà ló máa ń jáde.

"Ṣebí ọtí náà lẹ fi fẹ́ àbúrò wa."

"Kí n tó di àtúnbí nìyẹn!"

"Ẹ di àtúnbí tán, ẹ ò sì dá ìyàwó padà."

Ẹ̀rín fẹ́ gbọ̀n mí, mo gbé e mì.

Bàbá mi na ìka sí mi. "Dáwódù mi nìyí. Òun ni yóò jókòó sílé yìí bí mo bá kú. Ẹ gbé ìgò yín."

Ara ìyá mi le gbagidi. Ọtí ni wọ́n fi ń so ìgbéyàwó lọ́dọ̀ tiwọn. Ẹni tó bá dá ọtí àna padà báyìí ti tú u nìyẹn. Bàbá mi mọ̀. Ó mọ̀ ọ́n jù mí lọ.

"Baálé mi," ìyá mi pè é jẹ́jẹ́, "ṣé ẹ mọ ohun tí ẹ ń wí?"

"Mo ní kí wọ́n gbé e."

Àlejò náà dìde. "Àbúrò, o ti gbọ́. Lọ di ẹrù rẹ."

Ìyá mi sì dìde lóòótọ́. Obìnrin tó ti fi èdè Ìjẹ̀ṣà gbàdúrà títí orí rẹ̀ fi funfun, ó tún ìró so, ó kọjú sí yàrá.

Kò sẹ́ni tó rán mi. Mo na ọwọ́, mo gbé ìgò náà, mo gbé e lé itan mi.

"Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ti gbà á," mo ní.

Ìyá mi dúró. Àlejò náà mí kanlẹ̀, ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ètò ìsìnkú fún mi, àti yàrá tí n ó ti máa sùn. N kò gbọ́ ìdajì rẹ̀. Bàbá mi ni mò ń wò.

Ó dìde. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀, ó dúró, kò wẹ̀yìn.

"O gba ìyá rẹ sílẹ̀," ó ní. "O ṣeun. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bi ọ́ lọ́hùn-ún, lójú òkú, pé ọmọ ta ni ọ́, kí lo máa sọ?"

Ó dúró de èsì. Ìyá mi ń wò mí. Àwọn àlejò ń wò mí.

Ìwọ tí ò ń gbọ́ mi yìí, ká ní ìwọ ni, kí ni ìwọ ì bá dá a lóhùn?