Ọwọ́ Tó Ń Bu Èènì ní Ìsọlọ̀

Títí di òní, bí òórùn àpò ìdọ̀họ tí òjò pa bá gba imú mi, ọjà Bọ́ládé ní Òṣòdì ni ọkàn mi máa ń lọ, sí ìsọ̀ kékeré tí mo ti ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà nígbà tí owó epo rọ̀bì gba ìlú kan. Ìwọ náà á rántí. Ìrẹsì tí a máa ń fi ṣọdún tẹ́lẹ̀ di oúnjẹ ojoojúmọ́, débi pé ọjà mi máa ń tán kí oòrùn tó kan àtàrí. Bí mo ṣe gba ìsọ̀ kejì ní Ìsọlọ̀ nìyẹn, nítòsí ọjà Aswani, pẹ̀lú gbogbo ohun tí mo ní.

Mi ò lè wà níbi méjèèjì. Mo wá gba obìnrin kan láti Ìwó síṣẹ́, opó ọlọ́mọ méjì, ẹni àkọ́kọ́ tó máa bá mi ṣiṣẹ́ láyé mi. Ó jù mí lọ lọ́jọ́ orí. Èmi ń pè é ní ẹ̀gbọ́n, òun ń pè mí ní ọ̀gá, àwa méjèèjì ń fi “ẹ” bá ara wa sọ̀rọ̀ bí àna méjì. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rí, ọwọ́ ńlá tó fẹ̀ bí àwo ọbẹ̀, àyà mi sì já. O mọ̀ pé bí a bá wọn kóńgò kan tán, a ní láti fi ọwọ́ bu díẹ̀ lé e fún oníbàárà, èènì nìyẹn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ro iye ẹ̀kúnwọ́ tó wà nínú àpò kan, òógùn bò mí. Mo sọ fún un pé èmi nìkan ló ń fúnni ní èènì, kí òun kàn wọ̀n ọ́n kó dọ́gba.

“Láìsí èènì rárá?” ló bi mí.

“Rárá, ẹ̀gbọ́n.”

Ó ní ó dáa.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ dára. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, àpò kan ṣoṣo kò tán láti Mọ́ńdè dé Sátidé. Ẹ̀rù bà mí. Mo rò pé bóyá ó ń ta ọjà tirẹ̀ mọ́ tèmi, bóyá ó ń kanra mọ́ àwọn èèyàn. Mo pinnu láti ti ìsọ̀ náà kí n sì dá a dúró, bẹ́ẹ̀ mo mọ̀ pé tìtorí iṣẹ́ yẹn ló ṣe ṣẹ̀ṣẹ̀ kó àwọn ọmọ rẹ̀ wá láti Ìwó. Láàárọ̀ Jímọ̀ kan, mo lọ bá a. Mo ti to ọ̀rọ̀ náà sẹ́nu láti Òṣòdì.

Kí n tó sọ ọ́, ìyá kan wọlé, ó ra kóńgò méjì. Ẹ̀gbọ́n wọ̀n ọ́n tán, ìyá náà ṣì na abọ́ rẹ̀ síwájú, ó dúró. Ẹ̀gbọ́n ká ọwọ́ ńlá náà sẹ́yìn.

“Ó tán nìyẹn?” ni ìyá náà béèrè.

Ẹ̀gbọ́n ní ó tán, mà. Ìyá náà kò bínú. Ó kàn rọra gbé abọ́ rẹ̀, ó ń lọ, mo sì mọ̀ pé a ò ní rí i mọ́. Ojú tì mí gan-an. Mo bi ẹ̀gbọ́n ìdí tí kò fi sọ fún mi láti ọjọ́ yìí.

“Ọ̀gá, bí mo bá sọ ọ́, ẹ ó ní mo fẹ́ fi ọjà yín ṣe ojú àánú. Mo fẹ́ kí iṣẹ́ yìí pẹ́ lọ́wọ́ mi.”

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo tò sẹ́nu túká. Mo ní kó bu ìrẹsì, kó sáré tẹ̀lé ìyá náà.

“Ọwọ́ ta ni ká fi bù ú?”

Mo wo ọwọ́ rẹ̀. “Ọwọ́ yín ni.”

Ó bù ú, ó kún àkúnya, èmi wo ibòmíràn.

Àwọn oníbàárà padà wá díẹ̀díẹ̀, ọkàn mi kò sì balẹ̀ títí ọdún yẹn fi parí. Nígbà tí òjò tún dé, ẹ̀gbọ́n nìkan ò lè dá wọ̀n ọ́n mọ́. A gba ẹnì kan tì í, a gba òmíràn sí Òṣòdì, ìsọ̀ kẹta sì tẹ̀lé e. Àwọn èèyàn máa ń ní owó epo ló sọ mí di ọlọ́jà ńlá. Owó epo wà lóòótọ́, àmọ́ Jímọ̀ yẹn ni mo tó jẹ́ kí ọwọ́ ẹlòmíràn bu ọjà mi. Títí mo fi ṣíwọ́ ọjà, bí ẹnikẹ́ni bá wá wáṣẹ́ sọ́dọ̀ mi, ọwọ́ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń wò. Ẹni tí tirẹ̀ bá tóbi ni mo máa ń gbà.